Àgùntàn Tó Mú Agbo Pé Ogójì

Nígbà tí Aláhọ́n ki ahọ́n bọ àgbò wa lẹ́nu, àgbò ọ̀hún gé e jẹ.

Ẹ̀rọ ò pariwo. Ó rọra fa ahọ́n rọ́bà ẹ̀ padà, ó nù ún mọ́ ara ẹ̀ bí ẹni tó jẹ̀bà tán, ó wá fi ohùn obìnrin tó ń ka ìròyìn sọ̀rọ̀: "Ẹ kú ìfaradà. Àgùntàn kejìdínlógójì: ó mọ́."

"O káre, Tíṣà," mo sọ fún àgbò náà.

Tíṣà ni mo sọ ọ́, torí bó ṣe máa ń wo èèyàn bí ẹni tó fẹ́ béèrè iṣẹ́ àmúrelé. Iṣẹ́ àmúrelé tí mi ò ṣe ló sì lé mi kúrò níléèwé. Àwọn kan ní ewúrẹ́ tí wọ́n bá lórí àga ọ̀gá iléèwé ni. Irọ́ ni. Ewúrẹ́ yẹn fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn débẹ̀. Mo kàn wọ fìlà fún un ni.

"Ó ku ẹyọ kan," Màdáàmù Atóyèbí ló sọ bẹ́ẹ̀. Òun ni ońkà ẹran tí wọ́n rán sí wa ní Ìdí-Emì. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi emì, aṣọ kákí lọ́rùn ẹ̀, ìbọn etí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ìbọn yẹn kì í yọ ọta. Àmì pupa ló ń yọ, tó bá ti wọ etí ẹran, kò ní jáde mọ́. Lẹ́yìn ẹ̀ ni ọkọ̀ eérú, tí wọ́n fi ń sun ẹran, dúró sí, ìdí ẹ̀ kọjú sí ọgbà àgùntàn wa, ilẹ̀kùn ẹ̀ ṣì wà ní pípadé.

Ìyá Àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, ló fa Màmá Ìjọ wá. Màmá Ìjọ ni abo tó dàgbà jù nínú agbo. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ni, ẹsẹ̀ ẹ̀ ṣì ń gbọ̀n. Aláhọ́n yí dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, ó lá inú ẹnu ẹ̀ látòkè dé ìsàlẹ̀, ó fa ahọ́n padà.

"Àgùntàn kọkàndínlógójì: àrùn Jẹ́jẹ́ wà lára rẹ̀. Àròpọ̀, méjìlá nínú mọ́kàndínlógójì. Ó ju mẹ́ta nínú mẹ́wàá lọ. Ẹ kú ìfaradà."

Ilẹ̀kùn ọkọ̀ eérú ṣí fúnra ẹ̀.

Bọ̀dá Oyèwùsì, aládùúgbò wa, di ògiri mú. Àgùntàn méjìlélógún tiẹ̀ ló gba ẹnu ilẹ̀kùn yẹn wọlé lọ́dún tó kọjá. Àpò eérú funfun méjì ni wọ́n gbé fún un, wọ́n ní kó fi ṣe ajílẹ̀ oko. Kò fi ṣe ajílẹ̀. Inú yàrá ló gbé àpò ọ̀hún sí, ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń kí i láràárọ̀. Ọjọ́ tí òjò bá ṣú, a máa da ìbora bò ó.

"Màdáàmù," Ìyá Àgbà ní, "àgùntàn wo ló ń kú níbí? Ẹ nawọ́ sí i, kí n rí i."

"Màmá, Jẹ́jẹ́ kì í pa ẹran lójú ẹsẹ̀. Ó lè gbé ara ẹran fún ọdún mẹ́rin kí ẹran ọ̀hún má wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ìgbà tó bá máa fi wúkọ́, ó ti kó o ran gbogbo ilé."

"Mo mọ̀. Mo ti ń sin àgùntàn kí wọ́n tó bí ìyá yín. Èyí tó bá ń rù láìjẹ́ pé ebi ń pa á, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, mo máa ń yà á sọ́tọ̀. Ẹ jẹ́ kí n ya méjìlá yìí sọ́tọ̀."

"Tó bá jẹ́ mẹ́ta gééré ni nínú mẹ́wàá, ìyẹn gan-an ni ǹ bá ní kẹ́ ẹ ṣe. Ẹ mọ ògiri sí àárín wọn, kí n máa lọ. Ṣùgbọ́n ó ti lé. Tó bá ti lé, gbogbo agbo ló ń wọlé."

"Pẹ̀lú àwọn tí ẹ̀rọ yín ní wọ́n mọ́?"

"Gbogbo agbo, Màmá."

Èmi ò gbọ́ èyí tí wọ́n sọ lẹ́yìn ìyẹn, torí mo ń ṣírò. Ìṣirò iléèwé ò wọ orí mi rí. Ẹ ní kí n pín ọsàn mẹ́rìnlélógún fún ọmọ mẹ́fà, màá bi yín pé níbo làwọn òbí wọn wà. Ṣùgbọ́n láti kékeré ni mo ti ń bá Ìyá Àgbà pín àgùntàn. Ìdajì agbo yẹn, ẹran àwọn ẹlòmíì ni, tí wọ́n kó fún un sìn: ọmọ àkọ́bí ti ẹni tó ni ìyá, ọmọ kejì ti ẹni tó sìn ín. Tẹ́ ẹ bá ṣì í pín níbẹ̀, ìjà ọdún mẹ́wàá nìyẹn. Nítorí náà, tó bá ti jẹ́ orí àgùntàn, ọpọlọ mi máa ń ṣiṣẹ́ bí ẹ̀rọ ìlọta.

Méjìlá nínú ogójì: mẹ́ta gééré ni nínú mẹ́wàá. Orí kan ṣoṣo ló dín.

"Màdáàmù!" mo pariwo. "Ẹ ka ọmọ tí Màmá Ìjọ bí láàárọ̀ yìí mọ́ ọn. Ogójì ló máa jẹ́."

"Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan. Kò ní àmì."

"Àgùntàn ṣáà ni. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń ké."

"Ọ̀gbẹ́ni, òfin ò ka igbe. Ohun tó bá ní àmì létí, àgùntàn ni. Ohun tí ò bá ní àmì, kì í ṣe àgùntàn. Ó parí."

Ó sọ ọ́ báyìí, ó yíjú, ó ń wá gíláàsì ojú ẹ̀ nínú báàgì. Ìbọn etí wà lórí bẹ́ǹṣì. Mo rí àmì tó wà lẹ́nu ẹ̀. Ogójì ni wọ́n kọ sí i.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ìbọn yẹn máa gbà lọ́wọ́ mi. Ọkọ̀ òfurufú Ìbàdàn ń bọ̀ wá gbé mi lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn gan-an. Ọdún mẹ́ta ni mo fi dúró de àyè yẹn, kí n lè lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún ẹ̀rọ ṣe. Báàgì mi ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Àtẹ́lẹwọ́ lèèyàn fi ń wọ ọkọ̀ ọ̀hún, òun náà lèèyàn fi ń ṣí ilẹ̀kùn gbogbo láyé tá a wà yìí. Àmì àgùntàn tó bá wọ etí èèyàn, àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ kú nìyẹn. Ọkùnrin kan mutí yó ní Kíṣí, ó fi ṣe yẹtí. Oṣù mẹ́jọ ni ilẹ̀kùn ilé ẹ̀ fi kọ̀ fún un. Ojú fèrèsé ló ń gbà wọlé, bí aya ẹ̀ bá sì ń bínú, á ti fèrèsé.

Mo wo báàgì mi. Mo wo Tíṣà. Tíṣà wò mí bí ẹni tó ní, "Iṣẹ́ àmúrelé ńkọ́?"

Mo gbé ìbọn, mo fi sí etí òsì, mo fà á.

Pàá!

Mo ké. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni parọ́ fún yín, ó dùn mí. Gbogbo agbo yíjú sí mi.

"Ṣé orí ẹ pé?" Màdáàmù Atóyèbí fò dìde, gíláàsì já bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. "Kí lo ṣe yẹn?"

Mi ò fèsì. Àgùntàn kì í fèsì. Mo kàn yí etí sí i kó lè ka nọ́ńbà.

Aláhọ́n ti ń yí bọ̀. "Àgùntàn ogójì. Ẹ la ẹnu."

"Àkàngbé," Ìyá Àgbà pè mí. Oríkì mi nìyẹn, kì í pè é lásán; Làbí ló máa ń pè mí. Mo rò pé ó máa bú mi ni. Ó ní, "La ẹnu dáadáa, kí wọ́n má baà rí nǹkan wí."

Mo la ẹnu. Ahọ́n yẹn tutù, ó ń rùn bí bàtà rọ́bà tó sùn sínú ọṣẹ. Ó lá èrìgì mi, ó lá àjà ẹnu mi, ó kan ibì kan tó jẹ́ kí n fẹ́ bì. Ó jáde. Mo ti ń múra láti rẹ́rìn-ín.

"Àgùntàn ogójì: Jẹ́jẹ́ wà lára rẹ̀. Àròpọ̀, mẹ́tàlá nínú ogójì. Ó ju mẹ́ta nínú mẹ́wàá lọ. Ẹni tí a rí kẹ́yìn ni yóò kọ́kọ́ wọlé. Ẹ jẹ́ kí àgùntàn ogójì wọlé. Ẹ kú ìfaradà."

"Yéè! Làbí ti kó àrùn àgùntàn!" Bọ̀dá Oyèwùsì fi fìlà bo imú, ó sún sẹ́yìn títí ó fi jókòó sínú agbada omi ẹran.

Màdáàmù Atóyèbí ò lè pa ẹnu dé. "Kò ṣeé ṣe. Jẹ́jẹ́ kì í mú èèyàn."

"Ta ni èèyàn?" mo ní. "Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́. Ohun tó bá ní àmì létí."

Mo bá gun pákó ọkọ̀ eérú, mo wọlé. Inú ibẹ̀ mọ́ ju yàrá mi lọ. Irin ni ilẹ̀ ẹ̀, ihò kéékèèké wà lára ògiri, ibẹ̀ ni iná ń gbà wá. Mo jókòó, mo ká ẹsẹ̀ kò.

"Màdáàmù, ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Èmi ni wọ́n pè."

Ibi ọwọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó ń tàn. Àtẹ́lẹwọ́ ońkà nìkan ló mọ̀. Ó gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ fún orí kọ̀ọ̀kan, orí tó wà lẹ́yìn ò sì lè wọlé bí tiwájú ò bá tíì jó. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ torí a dúró wo ti Bọ̀dá Oyèwùsì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìgbà méjìlélógún ni Màdáàmù yìí tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ yẹn.

Kò tẹ̀ ẹ́. Ó dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó fa púláyà yọ lápò.

"Sọ̀kalẹ̀," ó ní. Ohùn ẹ̀ ti yí padà. "Púláyà yìí nìkan ló lè yọ ọ́. Màá gé e, màá kọ ọ́ pé ìbọn ṣèèṣì yìn ni, àtẹ́lẹwọ́ ẹ á sọjí. Báàgì ta ni mo rí lẹ́nu ọ̀nà? Ìwọ lò ń lọ Ìbàdàn, àbí?"

"Èmi ni."

"Ọkọ̀ ẹ ò ní pẹ́ dé. Sọ̀kalẹ̀."

"Tí mo bá sọ̀kalẹ̀, agbo ńkọ́?"

Ó ń ṣí ẹnu púláyà, ó ń pa á dé.

"Mo ti jókòó báyìí, Màdáàmù. Irin yìí tutù, ó sì bá ìdí mi mu."

Ìyá Àgbà ṣì dúró ti Màmá Ìjọ ní gbogbo àkókò yẹn. Ó ń ronú. Tó bá ń ronú, ó máa ń fi ahọ́n ti eyín kan tó mì lápá òsì. Ó bá rìn wá sídìí ọkọ̀.

"Àkàngbé, ta ló fa ọmú Màmá Ìjọ láàárọ̀ yìí?"

"Èmi ni."

"O ti fọ ẹnu látìgbà yẹn?"

"Mo tutọ́ ẹ̀ dànù. Mi ò tíì fi nǹkan kan kan ẹnu, ọkàn mi wà lọ́nà."

Ìyá Àgbà pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. "Màdáàmù, ẹ gbọ́. Nínú ilé yìí, ọmọ àgùntàn kì í mu ọmú àkọ́kọ́ kí èèyàn má kọ́kọ́ fà á. Wàrà àkọ́kọ́ máa ń dì sójú ọmú. Bí a ò bá fi ẹnu fà á kó ṣí, ọmọ á fà á títí, á kú sídìí ìyá ẹ̀. Bí ìyá mi ṣe ṣe é nìyẹn, bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ọmọ mi ò ní àrùn. Wàrà Màmá Ìjọ ló wà lẹ́nu ẹ̀, Màmá Ìjọ ló sì ní Jẹ́jẹ́."

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, Màmá, ṣùgbọ́n…"

"Mi ò tíì dé ibi tí mò ń lọ. Nínú méjìlá tí ẹ̀rọ yín mú, mélòó ló ṣì wà lẹ́nu ọmú?"

Mo dáhùn látinú ọkọ̀: "Méje!"

"Méje. Ẹ̀yin náà bá wọn nídìí ìyá wọn nígbà tẹ́ ẹ dé. Bí wọ́n ṣe ń fi ẹnu sílẹ̀ lára ọmú ni ẹ̀rọ yín ń ki ahọ́n bọ̀ ọ́. Ṣé àrùn ọmọ lẹ wá kà ni, àbí wàrà ìyá?"

Màdáàmù Atóyèbí wo àwọn ọmọ àgùntàn. Ọ̀kan nínú wọn ti padà sídìí ìyá ẹ̀, ó ń fi orí gbá a lábẹ́, ìrù ń jó.

"Òfin ò mọ ẹnu fífọ̀," ó ní. Ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń ka á lára ògiri. "Ìdáhùn àkọ́kọ́ ni ìdáhùn. Mi ò lè tún un lá bó ṣe wù mí."

"Nígbà náà, sun ún," Ìyá Àgbà ní. Kò pè é ní Màdáàmù mọ́, kò sì lo ẹ fún un mọ́. "Ìwọ ọmọbìnrin yìí, òfin rẹ ní àgùntàn ni. Ẹ̀rọ rẹ ní ó lárùn. Ọwọ́ rẹ wà lára apá rẹ. Tẹ̀ ẹ́. Tí o ò bá lè tẹ̀ ẹ́, a jẹ́ pé o mọ̀ pé ẹ̀rọ rẹ ń purọ́."

Ibi tá a dé nìyẹn tí a fi gbọ́ ohùn lókè.

Ọkọ̀ òfurufú Ìbàdàn ni. Ó dúró lójú sánmà lókè ilé wa bí àwòdì tó rí òròmọdìẹ, ìjì ẹ̀ ń tú ewé emì. Ó pe orúkọ mi kí gbogbo abúlé gbọ́: "Òjélàbí Àkàngbé. Ẹ gbé ọwọ́ sókè."

Kò sẹ́ni tó ti pe orúkọ mi tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn tó máa ń pè é níléèwé, ẹgba ló máa ń tẹ̀ lé e.

"Bọ́ sílẹ̀!" Màdáàmù Atóyèbí na púláyà sí mi, apá ẹ̀ wọ inú ọkọ̀ eérú dé ìgbúnwọ́. "Ìṣẹ́jú kan péré ló ń gbà! Na etí ẹ wá!"

"Òjélàbí Àkàngbé. Ẹ gbé ọwọ́ sókè."

Mo wo Ìyá Àgbà. Kò ní kí n lọ, kò ní kí n dúró. Ó kàn di okùn ọrùn Màmá Ìjọ mú, ó wo ojú mi.

Ọwọ́ mi fẹ́ dìde fúnra ẹ̀. Mo bá ti méjèèjì bọ abẹ́ itan, mo jókòó lé wọn lórí.

"Òjélàbí Àkàngbé."

"Mẹ̀ẹ́ẹ̀ẹ̀!" mo ké. Mo fi gbogbo àyà ké e. Tíṣà gbà á, Màmá Ìjọ gbà á, gbogbo agbo gbà á, ilé ń mì tìtì. Ọkọ̀ òfurufú dúró díẹ̀ bí ẹni tí wọ́n bú ní èdè tí kò gbọ́. Ó bá gbéra, ó lọ. Mo ń wò ó láti ẹnu ilẹ̀kùn títí ó fi kéré bí eṣinṣin.

Ojú mi tutù. Èéfín ni. Lóòótọ́, kò tíì sí èéfín níbẹ̀ nígbà náà.

Bọ̀dá Oyèwùsì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ti dìde nínú agbada, omi ń ro lára ṣòkòtò ẹ̀. Ẹni tí mo mọ̀ pé tí adìẹ bá gbójú mọ́ ọn, á yà fún un, ó rìn lọ bá ońkà, ó dúró síwájú ẹ̀.

"Màdáàmù, tèmi ńkọ́?"

"Tìrẹ báwo?"

"Lọ́dún tó kọjá. Ìgbà báyìí náà ni. Ọmọ mẹ́sàn-án ló wà lẹ́nu ọmú nígbà tẹ́ ẹ wá. Mẹ́jọ lẹ rí i lára wọn nínú méjìlélógún. Mi ò mọ ìṣirò bíi Làbí. Ẹ bá mi ṣe é."

Màdáàmù Atóyèbí ò bá a ṣe é. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ó wo àtẹ́lẹwọ́ ara ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, bí ẹni tó ń wá nǹkan tó bọ́ sọnù níbẹ̀. Aláhọ́n ní, "Ẹ jẹ́ kí àgùntàn ogójì wọlé. Ẹ kú ìfaradà."

Màdáàmù Atóyèbí gbé orí sókè. Kò wo èmi, kò wo Bọ̀dá Oyèwùsì. Tíṣà ló ń wò.

"Màmá," ó ní, "àgbò yín yẹn. Ó gé ahọ́n ẹ̀rọ mi jẹ, àbí?"

"Ó gé e jẹ."

"Ṣé ó gé e jẹ gan-an?"

Ìyá Àgbà ti rí ibi tó ń lọ. "Ọmọ mi, díẹ̀ ló kù kó gbé e mì."

"Tí ẹran bá ṣe ahọ́n léṣe, òfin gbà kí n yí ahọ́n padà, kí n sì tún gbogbo wọn lá. Ojú ewé kẹtàdínlógún." Ó dìde, ó gbọn kákí ẹ̀. Ó dúró, ó wá bi Ìyá Àgbà léèrè bí ọmọ tó wá yá nǹkan: "Omi iyọ̀ wà nílé?"

Ẹ ò tíì rí wàhálà rí tẹ́ ò bá tíì fọ ẹnu ọmọ àgùntàn méje. Èyí tó ń gbé e mì wà, èyí tó ń fín in síni lójú wà. Bọ̀dá Oyèwùsì ló di orí wọn mú, Ìyá Àgbà ló ń bu omi, èmi ni mò ń fi ìka ra èrìgì wọn. Ońkà gan-an mú ẹyọ kan sórí itan, kákí ẹ̀ rin gbingbin. Èmi ni mo kọ́kọ́ fọ tèmi. Ìgbà mẹ́ta ni mo fi omi iyọ̀ ṣan án.

Aláhọ́n gbé ahọ́n tuntun dé. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀kan. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ, mo ń fi ìka kà wọ́n. Ó mọ́. Ó mọ́. Jẹ́jẹ́ wà lára rẹ̀. Ó mọ́. Ó mọ́. Jẹ́jẹ́ wà lára rẹ̀. Ó mọ́.

Tíṣà tún gé e jẹ.

"Àgùntàn ogójì: ó mọ́. Àròpọ̀, méje nínú ogójì. Kò tó mẹ́ta nínú mẹ́wàá. Ẹ mọ ògiri. Ẹ kú ìfaradà."

Ilẹ̀kùn ọkọ̀ eérú padé. Ìyá Àgbà ò fò, kò kọrin. Ó tú okùn ọrùn Màmá Ìjọ, ó ní kó lọ fún ọmọ ẹ̀ lọ́mú. Ó dúró, ó tún pè é padà. "Rárá. Látòní lọ, ìwọ àti àwọn mẹ́fà yẹn lọ́tọ̀. Ọmọ rẹ á mu ti ẹlòmíì." Ó ti ń fi ẹsẹ̀ wọn ibi tí ògiri máa dúró sí.

Màdáàmù Atóyèbí wá bá mi pẹ̀lú púláyà. "Na etí wá. Méje nínú mọ́kàndínlógójì náà ò tó mẹ́ta nínú mẹ́wàá. Wọn ò nílò ẹ mọ́."

Mo ti ń na etí. Mo rántí pé ọkọ̀ ti lọ, ọdún mẹ́ta míì ni. Mo rántí pé òun náà máa padà wá lọ́dún tó ń bọ̀, tàbí kí wọ́n rán ẹlòmíì tí kò ní béèrè omi iyọ̀.

Mo fa etí mi padà.

"Ẹ fi sílẹ̀, Màdáàmù. Agbo tó bá gbọ́n, àgùntàn kan tó mọ ìṣirò gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀."

"Ilẹ̀kùn ò ní ṣí fún ẹ."

"Fèrèsé wà."

Ó ń wò mí, mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni tàbí ẹkún ló fẹ́ jáde lẹ́nu ẹ̀. Nígbà yẹn la gbọ́ tí ẹnì kan hú ikọ́ lẹ́yìn wa, ikọ́ ẹni tó ń wá ìgboyà. Bọ̀dá Oyèwùsì ti wà nídìí bẹ́ǹṣì. Ó ti ṣí fìlà lórí, ó ti kúnlẹ̀, ó ti gbé etí ọ̀tún ẹ̀ sí ẹnu ìbọn, ojú ẹ̀ di gbọnin.

"Màdáàmù," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún èmi náà ní mọ́kànlélógójì."